Ìran Bàálù Tí Mi Ò Rí

Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ má tíì pariwo lé mi lórí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Èmi Clement tí ẹ ń pè ní aríran, èmi tí mo ń fọ́n ọ̀dà sára mọ́tò jẹun, ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè gbé mọ́. Mi ò kàwé púpọ̀, ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ilẹ̀kùn ni mò ń wò. Ẹ̀rù yín ń bà mí. Ṣùgbọ́n níjẹta, wọ́n pe Bọ̀dá Akínrẹ̀mí láti Ìjẹ̀bú-Òde pé ìyá wọn ò jẹun mọ́, pé orúkọ wọn ṣáá ni mámà ń pè. Bọ̀dá ní àwọn ò ní lọ, nítorí ìran tí mo rí sí wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọ bàálù. Tí n kò bá sọ òótọ́ báyìí, mámà á kú láìfojú kan ọmọ rẹ̀, èmi ni mo sì fà á.

Ohun tí ẹ ò mọ̀ nìyí. Ọdún mẹ́fà ni Bọ̀dá Akínrẹ̀mí fi ń kọ́ bàálù kan sínú kọ̀ǹpútà, nínú yàrá kékeré ilé wọn ní Parsloes, nílùú òyìnbó níbí. Inú géèmù tí wọ́n fi ń wa bàálù láì kúrò nílé ló wà. Kì í ṣe bàálù ayé òní. Ti àtijọ́ ni, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin, ikùn rẹ̀ rí bí ti ọkọ̀ ojú omi, orí omi ló sì ń bà sí. Mámà rí irú rẹ̀ ní kékeré, tó bà sórí ọ̀sà l'Ékòó, kò sì yé ròyìn rẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Bọ̀dá ní àwọn á parí rẹ̀ kí Kérésì tó dé, àwọn á gbé e lọ sílé, kí mámà jókòó síwájú rẹ̀, kó tún rí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Inú àwòrán àtijọ́ ni wọ́n ti ń ka ìṣó ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ ọ̀dà. "Clement," ni wọ́n wí, "bàálù mi dà bí ike. Wá bá mi kùn ún." Èmi ni mo kùn ún. Mo mọ bí iyọ̀ ṣe ń jẹ irin, mo mọ ibi tí bàtà èèyàn á ti ha ẹnu ọ̀nà. Ọdún méjì gbáko. Ìyàwó wọn, Sístà Ọmọ́ṣọlá, kórìíra bàálù náà, nítorí náà ìgbà tó bá wà níbi iṣẹ́ ni mo máa ń lọ. Kò mọ̀ pé mo rí i rí. Ẹ̀yin náà ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kan, Bọ̀dá ń fi í han àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe géèmù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo jókòó sẹ́yìn, àwọn yẹn ò rí mi. Hamid, ará Barking kan, béèrè pé, "Ta ló kun ọ̀dà yìí? Ó jọ pé òkun ti nà án!" Bọ̀dá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọ̀rẹ́ mi kan ni jàre. Ọwọ́ ló ní, kò ní ìwé. Orí wà lọ́dọ̀ mi." Wọn ò dárúkọ mi. Àwàdà ni, mo mọ̀ pé àwàdà ni. Àmọ́ ó gún mi.

Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, orin gbóná, mo ṣubú lulẹ̀. Kò sí ẹ̀mí kankan tó gbé mi. Mò ń gbọ́ ohùn gbogbo yín. Mo tiẹ̀ ń rò ó pé ilẹ̀ tutù. Mo ní mo rí ọkọ̀ ojú omi kan tó hu ìyẹ́, tó gbéra lójú omi, Bọ̀dá Akínrẹ̀mí wà nínú rẹ̀, wọ́n ń sunkún. Sístà Ọmọ́ṣọlá figbe ta: "Yéè! Jésù! Ohun tó wà nínú kọ̀ǹpútà yẹn nìyẹn!" Bàbá Alàgbà bi mí pé kí ni ká ṣe sí i. Ó yẹ kí n dákẹ́. Ẹnu mi ò gbọ́. Mo ní kí wọ́n pa ohun náà run, kí Bọ̀dá má sì wọ ohunkóhun tó ń fò.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Nígbà tí ìsìn parí, Bọ̀dá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ níbi tí a ń bọ́ bàtà sí. "Clement, ṣé kọ̀ǹpútà lo ti rí i ni, àbí ìran? Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni, sọ fún mi. A ó jọ fi rẹ́rìn-ín, mi ò ní sọ fẹ́nì kan." Ẹ gbọ́ o. Wọ́n ṣílẹ̀kùn fún mi. Sùtánà funfun ṣì wà lọ́rùn mi, mo nawọ́ sókè, mo ní, "Bọ̀dá, mo fi Ọlọ́run búra. Ìran ni." Wọ́n ní, "Ó dáa. Tó bá ti jẹ́ ìwọ lo sọ ọ́, mo gbà." Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, wọ́n pè mí kí n wá ṣe ẹlẹ́rìí. Kọ̀ǹpútà béèrè bóyá ó dá wọn lójú pé kí òun pa bàálù náà rẹ́. Bọ̀dá kọjú sí mi: "Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?" Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọdún mẹ́fà lọ ní ìṣẹ́jú kan. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì bu ráìsì fún mi. Mo jẹ ẹ́.

Àwòrán ọ̀dà tí mo kùn nìkan ló kù, èyí tí mo ti tọ́jú sínú kọ̀ǹpútà tèmi, ó tẹ́ sílẹ̀ bí awọ ẹran tí wọ́n bó. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti dijú gbàdúrà, bàálù náà á dé. Mò ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì tí mo bá ń lọ sí Chadwell Heath. Omi ń kán lábẹ́ ikùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń wà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pe ìyẹn náà ní ìran. Ẹ̀ṣẹ̀ mi ló ń wá mi kiri.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ máa ríran, Jésùfẹ́mi, Moṣọpẹ́, bí ẹ ò bá rí nǹkan, ẹ sọ pé ẹ ò rí nǹkan. Kò sẹ́ni tó máa nà yín. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gba sùtánà mi, mo ti ká a sílẹ̀. Bọ̀dá Akín, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹ forí jì mí. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe, ẹ má torí rẹ̀ dúró. Ẹ máa lọ ná, ẹ padà wá bínú sí mi. Bàálù wà láàárọ̀ ọ̀la. Ẹ wọ̀ ọ́, Bọ̀dá. Mi ò rí nǹkan kan.