Èéfín Ọ̀rá Lójú Fèrèsé Hàníyyà

"Ẹ má tíì dìde," ni Tàíbátù wí nígbà tí àwọn ará ilé kírun Àsárì tán lágbàlá wọn ládùúgbò Asawase. "Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí kò jẹ́ kí ìrun mi dùn mọ́ mi lẹ́nu. Lónìí, n ó sọ ọ́, ojú yòówù kí ẹ fi wò mí."

Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n sí Àlájà oníwáákyé, ọmọ Ìlọrin tí ìrẹsì òun ẹ̀wà rẹ̀ ń bọ́ àdúgbò láràárọ̀. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni bó ṣe ń dáná. Lásìkò òjò, èédú kì í tètè ràn. Tàíbátù a ṣa ọ̀rá omi tí àwọn èèyàn mu jù sílẹ̀, a tì í sábẹ́ èédú, a ṣáná sí i. Kíá, iná ti ràn. Èéfín dúdú a fò kọjá ògiri, a sì gba fèrèsé Hàníyyà wọlé. Ìṣojú Tàíbátù ni. A kàn máa ro ìkòkò rẹ̀ bí ẹni tí kò rí nǹkan. "Àgbà tí ń kírun ni mo sì ń pe ara mi o!" ló wí, ó gbá ara rẹ̀ láyà.

Hàníyyà ni ìyàwó Lúkmàn tó ń ta fóònù lọ́jà Adum. Ìkhlàs, ọmọ wọn obìnrin, bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́ láràárọ̀, àyà rẹ̀ a sì máa fún. Lúkmàn ní tùràrí tí ìyàwó òun ń sun ló fà á. Hàníyyà kó tùràrí dànù, síbẹ̀ ọmọ kò sàn.

"Ò ń sun ún ní kọ̀rọ̀ ni," ọkọ rẹ̀ wí. Hàníyyà búra. Lúkmàn bá ké sí Tàíbátù. "Àlájà, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ń jí nílé yìí. Ṣé ìyàwó mi ṣì ń sun nǹkan?"

Tàíbátù mọ̀ pé bí òun bá ní rárá, wọn yóò wá ibi tí èéfín ti ń wá. Ó wolẹ̀. "Èmi kò fẹ́ dá sí ọ̀rọ̀ tọkọtaya," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo máa ń gbóòórùn nǹkan láàárọ̀."

Hàníyyà kàn ń wò ó. Lọ́jọ́ náà gan-an ni Lúkmàn dá a padà sílé bàbá rẹ̀ ládùúgbò Alabar, ó sì gba ọmọ sílẹ̀. Ìkhlàs ké pe màmá rẹ̀ títí oorun fi gbé e lọ. Tàíbátù gbọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó tún fi ọ̀rá dáná.

Láàárọ̀ kan, lẹ́yìn tí Lúkmàn ti jáde, ètè ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú. Tàíbátù gbé e pọ̀n, ó wọ takisí lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Esi fi ìbòmú olóògùn bo imú ọmọ, ó wá ki ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà bọ Tàíbátù létí. "Maame, tie," ó ní kó fetí sílẹ̀.

Súfèé tín-ín-rín ló gbọ́, bí afẹ́fẹ́ tó ń wá ọ̀nà gba abẹ́ ilẹ̀kùn, àti ọkàn kékeré kan tó ń sáré láìsinmi. Nígbà tó yá, súfèé náà rọ̀. Afẹ́fẹ́ ya wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Ara Tàíbátù bù máṣọ. Subhanallah! Iṣẹ́ ńlá báyìí ni Ọlọ́run tò sínú àyà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ òun lọ, òun sì ń fi èéfín ìdọ̀tí dí i!

"Ta ló ń sun rọ́bà nílé yín?" Esi béèrè, nítorí òórùn rẹ̀ ń jáde lára aṣọ Tàíbátù. "Májèlé ló wà nínú èéfín yẹn. Àyà ọmọdé kò lè gbà á."

"Èmi ni," ni Tàíbátù wí nísinsìnyí níwájú gbogbo wọn lágbàlá. "Hàníyyà kò sun nǹkan kan. Mo purọ́ mọ́ ọn. Èèpo àgbọn gbígbẹ ni mo fi ń dáná báyìí, níta gbangba. Ewé ni mo sì ń di wáákyé sí, torí Esi ní oúnjẹ gbígbóná kò yẹ nínú ọ̀rá. Ẹ̀yin ọmọge tí ẹ ń dáná, ẹ má sun ọ̀rá. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń mí i sínú."

Ó kúnlẹ̀ níwájú Hàníyyà, tí wọ́n ránṣẹ́ pè láti Alabar, tí Ìkhlàs sì sùn lọ sí lẹ́yìn rẹ̀. Lúkmàn doríkodò.

"Ẹ dìde, Àlájà," ni Hàníyyà wí. "Àforíjì tèmi ti kúrò ní Alabar, ó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ló fi ń rìn."