Ìlà Tí Mo Tò Sẹ́nu Ọ̀nà Ìjọ Wa ní Ròmáníà

Nígbà tí orúnkún mi ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, mo bá bàbá yín àgbà lọ wàásù ní Ròmáníà. Ẹ má rẹ́rìn-ín o! Àwa Àlátà, àwa Yorùbá ilẹ̀ Gánà tí à ń ta ọṣẹ lọ́jà Agbogbloshie ní Accra, a lọ wàásù fún òyìnbó. Bàbá yín àgbà ti kàwé níbẹ̀ rí, ó gbọ́ èdè wọn, ó sì ti kọ́ mi díẹ̀. Ìjọba kọ́múníìsì tí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ọlọ́run ṣẹ̀ṣẹ̀ wó ni. A háyà gbọ̀ngàn kan.

Oṣù mẹ́ta, àga òfìfo ló ń wàásù fún. Àga! Ó ní, “Ìyá Fẹ́mi, bí Sọ́ńdè tó ń bọ̀ bá tún lọ lófo, a ó padà sílé.” Ó sunkún. Ọkùnrin tí kì í sunkún... àánú rẹ̀ ṣe mí.

Mo wá rántí Accra nígbà ọ̀wọ́n. Ẹ̀yin ò bá a. Bí o bá rí ìlà, wàá kọ́kọ́ tò ná, kí o tó bèèrè ohun tí wọ́n ń tà. Ojú àwọn ará Ròmáníà náà ti rí i. Bí Sọ́ńdè ṣe dé, mo gbé báàgì, mo lọ kọjú sí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn nínú yìnyín. Òtútù pọ̀ paa! N ò purọ́ o, n ò la ẹnu. Ìyá arúgbó kan tò sẹ́yìn mi. Ká tó wí ká tó fọ̀, wọ́n ti lé ní ogójì, wọ́n ń sọ láàárín ara wọn pé ọṣẹ ni.

Bàbá yín àgbà ṣílẹ̀kùn, ó kígbe: “Ẹ̀mí ti sọ̀kalẹ̀!”

Ẹ gbọ́, kò sẹ́ni tó jókòó. Wọ́n tò dé iwájú pẹpẹ, báàgì lọ́wọ́. Ó rò pé àdúrà ni wọ́n ń fẹ́, ló bá ń gbọ́wọ́ lé wọn lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gbà tán á dúpẹ́, á sáré padà lọ tò lẹ́yìn, bóyá ẹ̀ẹ̀kejì ni ọṣẹ máa kàn án!

Bàbá kan ló wá bèèrè: “Pásítọ̀, ọṣẹ dà?”

Bàbá yín àgbà wò mí. Èmi ń wolẹ̀. Ó yé e. Ó ní, “Kò sí ọṣẹ. Ẹ dárí jì wá.” Háà, èébú ọjọ́ yẹn! Gbogbo wọn bínú jáde, àfi ìyá arúgbó tó kọ́kọ́ tò sẹ́yìn mi.

Bàbá yín àgbà ní, “Màmá, òótọ́ ni, kò sí ọṣẹ.”

“Mo ti mọ̀. Látìgbà tí ọkọ mi ti kú, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn mí lórí. Ẹ tún gbọ́wọ́ lé mi lórí.”

A ò padà sílé mọ́. Ọdún mọ́kànlá la lò níbẹ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́ lónìí? Orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ti ń wo ìsìn nínú fóònù, ẹ ń fi ìka tẹ àmín. Ó dáa náà... Ta ló fọwọ́ kàn yín lórí lọ́sẹ̀ yìí? Ẹ sún mọ́bí jàre, ẹ gbórí wá.