Àmì Kan Ṣoṣo Lórí Ọ̀rọ̀ Keje

Pásítọ̀, ẹ bá mi gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn yìí lọ́wọ́, ẹnu lásán ni mo fẹ́ fi sọ ọ́. Ẹ̀yin ará ìjọ, ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Olújùwọ́n tó ń tún fóònù ṣe ní Logan Town, ní Monrovia níbí, èmi tí mo sọ fún yín lọ́jọ́sí pé ẹja kan gbé fóònù mì ní odò Mesurado, tó sì ń dáhùn ìpè. Ẹ rẹ́rìn-ín nígbà yẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín lónìí. Ara mi le, dókítà kankan kò sọ pé mo ń kú lọ. Àlá ọ̀sán kan ló dojú mi bolẹ̀ bí àwo tí wọ́n fọ̀, mo sì ti rí i pé bí n kò bá pọ irọ́ yìí jáde lónìí, yóò hu irùngbọ̀n nínú mi.

Mọ́mì Mosúnmọ́lá ló jókòó síwájú yẹn, tí wọ́n fi aṣọ funfun bo ojú òsì. Ta ni kò ra òkìrìkà lọ́wọ́ wọn rí ní Jallah Town? Ọkọ wọn, Sájẹ́ǹtì Adébíyì, ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá sí èbúté Freeport pẹ̀lú àwọn sójà wa tó wá pẹ̀tù sí ogun, Mọ́mì sì tẹ̀lé e wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan Sájẹ́ǹtì jáde, kò wọlé mọ́. Wọn ò rí òkú sin, wọn ò rí bàtà. Ogun parí, àwọn sójà padà sílé, Mọ́mì ní àwọn ò ní kúrò ní Monrovia, kí ó má baà dé kí ó bá ilẹ̀kùn ní títì.

Lọ́dún 2021, Ìtùnú ọmọ wọn tó wà ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi kírípítò ránṣẹ́, owó orí fóònù tí kò ní báńkì, tí kò ní máníjà, kí Mọ́mì lè lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Accra. Èmi ni wọ́n ní kí n ṣí wọ́lẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àpò tí owó náà ń wọ̀ lórí fóònù. Fóònù pọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì méjìlá jáde, Ìtùnú sì ń pariwo lórí ìpè: “Bùrọ̀dá Jùwọ́n, I beg you, ya! Àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ni kọ́kọ́rọ́. Bí fóònù bá kú, àwọn la máa fi ṣí i lórí òmíràn. Bí wọ́n bá sọnù, kò sí ẹni tá a máa lọ bẹ̀. Ẹ kọ wọ́n bí wọ́n ṣe wà gẹ́lẹ́ sórí bébà méjì, kí ẹ fi wọ́n síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.” Mo ní, “Ó ti parí, àbúrò mi.” Irọ́ kìíní nìyẹn. Èmi tí ìwé mi kú ní kíláàsì kẹfà, tí mo ń pe ara mi ní ẹnjiníà! Mọ́mì ò lè ka Gẹ̀ẹ́sì, mo bá tú ọ̀rọ̀ méjèèjìlá sí Yorùbá, mo fi wọ́n dá orin, mo sì ju bébà kan ṣoṣo tí mo kọ wọ́n sí sínú iná èédú. Mo ní orin kì í jóná. Orin ọ̀hún sì dùn, ó lè mú àpáta tòògbé: ewúrẹ́ ń lọ, òṣùpá ń tẹ̀lé e, agboòrùn ń tẹ̀lé òṣùpá. (Mo ti pa díẹ̀ dà nínú wọn o. Ẹ̀yin tí ẹ ti yọ bírò, ẹ dá a padà sápò.)

Nígbà tí a dé orí ìkeje, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó túmọ̀ sí ọkọ̀ ni fóònù kọ. Ẹ̀fẹ̀ bá gùn mí. Mo ní, “Háà, Mọ́mì, ọkọ ni o! Fóònù yìí dárúkọ ọkọ yín!” Mo rò pé wọ́n máa bú mi ni, kí n wá rẹ́rìn-ín títí Bushrod Island á fi ṣí kúrò lójú kan. Wọn ò bú mi. Wọ́n gba fóònù, wọ́n gbé e sáyà. “Jùwọ́n, Adébíyì wà nínú ibí?” Mo ní ó wà. “Kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló fi í síbẹ̀?” Mo ní ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni. Omijé wọn kán sórí gíláàsì fóònù, iná rẹ̀ sì tàn lábẹ́ omi náà bí fìtílà nísàlẹ̀ odò. Ta ló máa wá sọ pé eré ni? Ojo ni mí. Mo fi aṣọ nu fóònù, mo kí wọn pé ó dàárọ̀. Láti ìgbà yẹn, bí Mọ́mì bá ń ká aṣọ láàárọ̀, wọ́n á máa kọrin náà, bí wọ́n bá sì dé orí ìkeje, ohùn wọn á rọ̀, ọwọ́ wọn á dúró lórí aṣọ.

Lọ́jọ́ kan fóònù bọ́ sínú omi ìfọṣọ, ó kú. Ìtùnú béèrè bébà, Mọ́mì ní orin ni mo fún àwọn, wọ́n kọ ọ́ fún un, Ìtùnú tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù tirẹ̀. Fóònù ní àwọn ọ̀rọ̀ yẹn kò tọ́. Ó tún un tẹ̀, fóònù kọ̀. Ojú òsì Mọ́mì ti bò nígbà yẹn, dókítà sì ti ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tọ̀tún kí òjò tó ń bọ̀ tó dé. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. “Jùwọ́n ọmọ mi, ọ̀rọ̀ keje yẹn, ọkọ ni?” Èmi nìkan ṣoṣo lábẹ́ ọ̀run ni mo mọ̀. Mo ní, “Ọkọ ni, Mọ́mì, kí Ọlọ́run gbọ́.” Ìtùnú wí látinú ìpè pé, “Nígbà náà, ẹnìkan ti gbọ́ àwọn ọ̀rọ̀ yẹn, ó ti jí owó náà, ó sì ti ba kọ́kọ́rọ́ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.” Ẹ̀yin ará, ẹ di mí mú, ibi tó burú jù la dé yìí. Mo wúkọ́, mo ní, “N kò fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ o, àmọ́ ta ló ń bá Mọ́mì gbé yàrá kan náà, tó ń gbọ́ orin yẹn láràárọ̀?” Péjú, àbúrò Mọ́mì, wà níbẹ̀, ó ń rẹ́ ewé ọ̀dùnkún tí a fẹ́ fi jẹ ìrẹsì. Ọ̀bẹ dúró. “Èmi kẹ̀, Bùrọ̀dá Jùwọ́n? Èmi tí mo ń fọ ojú wọn?” Mọ́mì ò pariwo. Wọ́n ní, “Péjú, bó o bá mú owó, máa mú un lọ. Àmọ́ dá Adébíyì padà fún mi.” Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn Péjú kó ẹrù sínú àpò ìrẹsì kan, ó gba Duport Road lọ. Kò mú ọ̀bẹ náà, kò mú ewé náà. Èmi ni mo jẹ ọbẹ̀ yẹn. Àwo méjì!

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò ń rọ̀ sórí páànù ṣọ́ọ̀bù mi, mo gbé orí lé tábìlì láàárín àwọn òkú fóònù. Lójú oorun, mo rí i pé títì ti di odò. Àwọn ohun inú orin ń bọ̀ lórí omi lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò yára: ewúrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò rin, òṣùpá tó kéré bí ọsàn, agboòrùn tí kò sẹ́ni lábẹ́ rẹ̀. Ní ipò keje, ọkùnrin kan ń fẹsẹ̀ wọ́ omi bọ̀, aṣọ sójà wà lọ́rùn rẹ̀, omi mù ún dé orúnkún. Mo ní, “Ẹ káàbọ̀, Sájẹ́ǹtì.” Kò bínú, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó ní, “Jùwọ́n, ọkọ̀ mi dà? O fà mí wá sí ipò ọkọ̀ mi. Kí wá ni mo máa wọ̀ délé?” Àwọn yòókù kọjá lọ, ó dúró, omi ń gun àyà rẹ̀. Mo jí, ojú mi tutù. Mo fẹ́ sọ pé itọ́ ni. Kì í ṣe itọ́.

Péjú, mo mọ̀ pé ẹ̀yìn lọ́hùn-ún lo jókòó sí. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ, gbogbo gígùn mi rèé. O ò mú nǹkan kan. Bó o bá máa dárí jì mí, ṣe é. Bí o ò bá sì lè ṣe é, kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ ná. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ wò mí dáadáa. Ọ̀rọ̀ tí fóònù bá fún yín, ẹ má tú u, ẹ má fi dá orin, ẹ má fi ṣẹ̀fẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà, síbi méjì tí iná kan náà ò lè jó pọ̀, kí ẹ sì fi dán ṣíṣí wò kí owó tó wọ ibẹ̀. Ẹ má sì ṣe gbé e fún aláwàdà. Tíṣà mi na ọwọ́ mi títí lórí àmì ohùn, mo ní kí ni àmì fẹ́ ṣe fún mi láyé.

Mọ́mì, ọ̀rọ̀ keje kì í ṣe ọkọ. Ọkọ̀ ni. Irú ọkọ̀ tó jẹ́, etí yín nìkan ni mo máa sọ ọ́ sí, mo mọ àwọn ará ìjọ yìí. Ìtùnú ti wà lórí ìpè, ó ń retí wa. Mo mọ̀ pé bí a bá tẹ̀ ẹ́, ibi kan tí ẹ ti ń bá Bàbá Ìtùnú pàdé láràárọ̀ ti pa rẹ́ nìyẹn, èmi ni mo sì pa á rẹ́. Ẹ máa nà mí bó bá wù yín. Àmọ́ ẹ jọ̀wọ́, Mọ́mì, ẹ dìde kúrò létí omi tí ẹ ti ń dúró dè wọ́n. Ẹ jẹ́ kí Bàbá wọ ọkọ̀ wọn.