Èsì Ẹ̀jẹ̀ Ìyá Tí Mo Fi Pamọ́

Àbúrò mi, òtítọ́ kan wà tí mo ti gbé mì láti ìgbà tí ìyá wa ti wà láyé. Ó di dandan kí n bì í jáde lójú rẹ wàyí. Ọlọ́kọ̀ ojú omi tó jíṣẹ́ rẹ fún mi sọ pé o ṣì ń gbá yàrá mi ní erékùṣù, o sì ń ṣí fèrèsé rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ òkun lè wọlé. Kò sí ibòmíràn láyé tí ọkàn mi ń fà sí tó ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ̀ pé lẹ́tà yìí lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ọlọ́kọ̀ náà tún ní ẹsẹ̀ rẹ ti ń wú. Èyí ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Ìyá tó bí ọ ni mo ń pè ní ìyá wa. Àlejò tó wá ṣe ìwádìí ìlera lásán ni mí kó tó fi mí ṣe ọmọ. O rántí bó ṣe máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò mọ omi í wẹ̀: "Ìwọ tó ń wádìí gbogbo ayé, bí ọkọ̀ bá dojú dé, ta ni yóò wádìí rẹ lábẹ́ omi?" Láti ìgbà náà, etí mi kò tíì gbọ́ ẹ̀rín tó dùn tó tirẹ̀.

Kí a tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èmi fúnra mi ni mo ṣèlérí pé ohunkóhun tó bá léwu tí a bá rí níbẹ̀, yóò gbọ́. A rí i: kíndìnrín rẹ̀ ti ń kọṣẹ́. Àmọ́ abúlé yín wà lára àwọn tí a kàn ń wò láìfún wọn lóògùn tí à ń dán wò, kí a lè fi wọ́n wé àwọn tó ń lò ó. Ọ̀gá mi ní, "Bí o bá sọ fún un, yóò wọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn, gbogbo abúlé á tẹ̀ lé e, iṣẹ́ wa á sì dòfo." Mo jiyàn díẹ̀, mo sì gbà. Mo sọ fún ara mi pé ire ọ̀pọ̀ ènìyàn ju ti ẹnì kan lọ. Àròjinlẹ̀ ọ̀mọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san án kò sí níbẹ̀ nígbà tí à ń rò ó.

Èyí tó burú jù ló kù. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo ń padà, ó jókòó tì mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ìka tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú.

"Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ mi ńkọ́? Kí ló sọ?"

"Ìyá, kò sí nǹkan kan. Ara yín le."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwọ ò kúkú lè purọ́ fún mi."

Ó sì gbé àpò mi dé etí omi fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin gbà pé ọjọ́ ogbó ló mú un lọ. N kò lè búra pé ìtọ́jú ì bá gbà á là. Ohun tí mo mọ̀ ni pé èmi ni mo gba àǹfààní náà lọ́wọ́ rẹ̀. N kò sì ní kí o dárí jì mí lónìí. Ìbínú lè dúró, kíndìnrín kì í dúró. Kọ́kọ́ wọkọ̀ lọ sílé ìwòsàn ná, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò. Ohun tó ṣe ìyá lè máa ṣe ọmọ. Má sì dìde níbẹ̀ láìgbọ́ ohun tí wọ́n rí, pàápàá bí ẹni tó ń dá ọ lóhùn bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ.