Ìbọn Tí Mo Tún Ṣe fún Abdulfatah

Ẹ̀yin ará mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì wọ bàtà yín. Ìmáàmù ti yọ̀ǹda fún mi kí n bá yín sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi fara dà á bí mo bá ń rìn síwá sẹ́yìn. Láti ìgbà tí mo ti pinnu láti sọ ọ́, ìdí mi ò gba ìjókòó mọ́. Abdulfatah tó wà lẹ́wọ̀n, tí ẹ kì í fẹ́ dárúkọ nínú àdúà mọ́, kò purọ́ mọ́ mi. Èmi Saubana ni mo purọ́ mọ́ ọn.

Bí mo bá ti kúrò ní warehouse tí mo ti ń ṣiṣẹ́, gáréèjì ilé mi ní Union City ni mo máa ń wà, tí mo ń tú ìbọn tèmi palẹ̀, tí mo ń nù ún, tí mo ń tò ó padà. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Fídíò ni mo ń wò. Àwọn tó ń ṣe fídíò náà máa ń kìlọ̀: yẹ ìbọn wò bóyá ọta wà nínú rẹ̀, kí o sì tún un yẹ̀ wò, má jẹ́ kí ọta wà ní yàrá tí o ti ń ṣiṣẹ́, má kánjú, èyí tí kò bá yé ọ, gbé e lọ fún ẹni tó kọ́ṣẹ́. Mo mọ̀ wọ́n sórí bí mo ṣe mọ Fátíhà. Mo tilẹ̀ máa ń kà wọ́n fún Abdulfatah bíi pé mo ń ṣe wàásù. Àgàbàgebè ni mí!

Abdulfatah ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òfurufú ní College Park. Nusaybah, ìyàwó rẹ̀, jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Marietta. Àwọn olè ti yọ ìbọn sí obìnrin náà rí níbi tó páàkì sí, wọ́n sì gba mọ́tò rẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà, ẹ̀rù ń bà á láti dá jáde. Ọkọ rẹ̀ ra ìbọn kékeré fún un, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n ń fà kó tó yìn le jù fún un. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi dẹ̀ ẹ́,” ni Abdulfatah wí. “Ìka Nusaybah ò lágbára.” Mo ní, “Ìyẹn nìkan? Fi í sílẹ̀.” N kò ṣe irú rẹ̀ rí. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Mo fi fáìlì tí wọ́n fi ń rẹ́ irin ha irin kan nínú ìbọn náà títí ó fi rọ̀. Inú mi dùn. Bí mo ṣe tò ó tán, ó bọ́ lọ́wọ́ mi sórí tábìlì, mo sì gbọ́ tó dún “kẹ́,” bíi pé ẹnìkan fà á. Kò sí ọta nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé ìbọn tó lè yìn nígbà tó bá jábọ́ ti di ikú. Mo ní màá ra irin tuntun fi rọ́pò èyí tí mo bà jẹ́. Kí n tó rà á, Abdulfatah dé. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti ṣeé gbé?” Mo ní, “Gbé e máa lọ. Ó ti dáa.”

Ní àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e, tọkọtaya náà ń jiyàn ní gáréèjì wọn nítorí ẹni tí yóò gbé ọmọ lọ síbi tó ti ń kọ́ odò wíwẹ̀. Abdulfatah gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ kó lè gbé e sínú mọ́tò. Okùn báàgì já. Báàgì balẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ìbọn tó wà nínú rẹ̀ yìn. Ọta bá Nusaybah nítan, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ti dà tán kí áńbúláǹsì tó dé. Aládùúgbò wọn, Seth, sọ fún ọlọ́pàá pé ariwo ìjà lòun kọ́kọ́ gbọ́, kí òun tó gbọ́ ìbọn. Èmi náà wà lára àwọn tó kírun sí òkú rẹ̀ lára. Ìlà iwájú ni mo dúró sí!

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tú ìbọn náà, wọ́n rí ojú ibi tí fáìlì ti ha á. Wọ́n bi Abdulfatah, ó dárúkọ mi. Kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ mi, mo ti kó gbogbo irinṣẹ́ mi dà sínú pàǹtí ẹ̀yìn mall. Salimat, ìyàwó mi, bá mi kó o. Ó ti rí ìbọn yẹn lórí tábìlì mi. Ó ní, “Ẹ dákẹ́ o. Ìwé ìgbélùú wa ò tíì jáde. Tí ẹ bá sọ̀rọ̀, wọ́n á dá wa padà sílé. Ẹni tó kú ti kú.” N kò dá a lẹ́bi. Ẹnu tèmi ni irọ́ náà ti jáde.

Ní kọ́ọ̀tù, mo gbé ọwọ́ lé Kùránì, mo ní n kò fọwọ́ kan ìbọn yẹn rí. Abdulfatah pariwo láti ibi tó jókòó sí: “Ẹ̀gbọ́n! Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ fún wọn!” Adájọ́ ní kó dákẹ́. Èmi ń wo ilẹ̀. Wọ́n ní òun fúnra rẹ̀ ló ba ìbọn jẹ́, pé ó mọ̀, ó sì fún ìyàwó rẹ̀. Bí wọ́n ṣe mú un lọ nìyẹn.

Samirah, ọmọ wọn, kéré nígbà náà. Àwa tí a kò bímọ la gbà á tọ́. Ẹ yìn mí níbí yìí, ẹ ní kí Ọlọ́run san án fún mi, mo sì ń ṣe àmín. Mo di olè tó jí ilé ẹnìkejì, tó tún jí ọmọ rẹ̀!

Láìpẹ́ yìí, Samirah, tó ti ń wa mọ́tò fúnra rẹ̀ báyìí, bá mi ní kíṣìnnì. “Dádì, I'm not visiting him again. Ó parọ́ mọ́ yín, kò sì bẹ̀ yín. Orúkọ yín ni mo fẹ́ kí wọ́n pè ní graduation mi.” Mo sá jáde. Mo gba títì 285, mo wa mọ́tò yí ìlú yìí po, mo tún un yí po, n kò mọ ibi tí mò ń lọ. Nígbà tí mo padà, mo jẹ́wọ́ fún un. Kò ké. Ó kàn béèrè pé, “So my dad was telling the truth?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kó aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé Aunty Péjú, ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀.

Lọ́yà ń dúró dè mí níta. A ó jọ lọ bá àwọn agbófinró ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wo fídíò, ẹ má fọwọ́ kan ohun tó lè pa ènìyàn kí wọ́n lè máa pè yín ní ọ̀gá. Bí ẹ bá sì bà á jẹ́, ẹ pariwo kí ẹni tó ni ín tó gbé e lọ. Bí wọ́n bá tilẹ̀ fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ ó rí oorun sùn.

Abdulfatah, wọ́n á mú ọ̀rọ̀ yìí dé etí rẹ. N kò lẹ́nu láti ní kí o dárí jì mí, síbẹ̀ mo ń bẹ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n bí àánú rẹ kò bá lè tó ju ẹnìkan lọ, jẹ́ kó jẹ́ ti Samirah. Ọmọ rẹ kò kọ̀ ọ́. Èmi ló gbà gbọ́.