Ẹnu Mẹ́ta Tí Mo Fi Dá Tèmilọlá Dúró

Ẹ̀yin ìyá ẹlẹgbẹ́ mi nínú ìjọ, ẹ ní kí n kọ ìwé pélébé kan nípa Tèmilọlá, ìyàwó ọmọ mi, kí ẹ lè kà á sí etí gbogbo ìjọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè tí ẹ fẹ́ dá a lọ́lá. Ẹ ní kí n sọ bó ṣe tọ́jú mi láti ọdún mẹ́rin tí mo ti ṣubú ní balùwẹ̀. Mo gbà, mo jókòó, mo mú bírò. Ìlà mẹ́ta péré ni mo kọ tí ọwọ́ mi kọ̀ tí kò lọ mọ́. Irọ́ tí mo ti ń gbé mì ti kún inú mi, ó ti dé ọ̀fun, bí mi ò bá sì bì í jáde lónìí, òun ni yóò pa mí, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ríru. Nítorí náà, ìwé tó wà lọ́wọ́ yín yìí kọ́ ni ẹ rán mi. Kí ẹni tó bá wà lóròó wá ibi jókòó sí.

Èmi Àbẹ̀ní, tí gbogbo yín mọ̀ sí Ìyá Joy, mo lè rìn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti lè rìn. Ọ̀pá tí ẹ ń rí lọ́wọ́ mi, ẹ̀tàn ni. Bí ẹ ṣe ń gbé mi wọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹni méjì ń làágùn nítorí ìdí mi tó wúwo, ẹ̀tàn ni. Ẹ ti da òróró sí mi lórúnkún, ẹ ti gbààwẹ̀ nítorí mi. Òróró yẹn kò kúkú ṣòfò, òun ni mo fi ń pa ẹsẹ̀ tí mo fi ń yí ẹ̀yìnkùlé po nígbà tí kò bá sẹ́nì kankan nílé. Ẹ rẹ́rìn-ín báyìí, nítorí ẹ ò ní rẹ́rìn-ín mọ́ bí a bá dé iwájú.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọládayọ̀ ọmọkùnrin mi ló fẹ́ Tèmilọlá. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n jọ gbé tí ikú fi mú un, ó sì fi Ìníolúwa, ọmọbìnrin kan ṣoṣo, sílẹ̀. Àwọn ará ilé Tèmilọlá ní Olúpọ̀nnà ní kó máa bọ̀ nílé, ó ní òun ò ní fi èmi nìkan sílẹ̀ nínú ilé ńlá. Ọdún kejì ikú ọmọ mi ni mo yọ̀ ní balùwẹ̀ tí egungun ìbàdí mi sán. Tèmilọlá ń gbé mi, ó ń wẹ̀ fún mi, ó ń nù mí nídìí bí ọmọ tuntun. Láàárọ̀ á lọ sí ṣọ́ọ̀bù oògùn tó ti ń bá wọn tajà, á padà dé lọ́sàn-án, á fún mi lóúnjẹ, lẹ́yìn náà á jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú fóònù rẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ irú ẹ̀rín yẹn lẹ́nu ẹ̀ rí láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú. Mo ní, háà, ọkùnrin ti dé. Mo pe Ṣẹ̀fíátù aládùúgbò wa, tó ń ta dátà níwájú ilé wọn, mo ní kó bá mi wádìí ẹ̀. Ó lọ bá a ṣàwàdà, ó padà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ẹ̀rín fẹ́ pa á. Ó ní, "Ìyá Joy, ọkùnrin kọ́ o. Gémù ni. Iwin ni wọ́n ń pa nínú fóònù!" Mi ò gbà á gbọ́. Joy ọmọ mi ti fi fóònù fẹ̀ǹfẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi láti Kàdúná kí n lè máa fi wo ìwàásù. Mo ní kí Ṣẹ̀fíátù gbé eré náà sínú rẹ̀ fún mi, kó sì pa ẹnu mọ́. Èmi arúgbó, amí ni mo fẹ́ lọ ṣe.

Odò Méje la ń pe eré náà láàárín ara wa. Ìtàn gígùn ni, ìtàn ìlú kan tí odò rẹ̀ méjèèje bínú sá lọ, táwọn ènìyàn láti ibi gbogbo wá ń pàdé lórí ayélujára láti wá wọn rí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìwọ fúnra ẹ lo máa yan irú ẹni tóo fẹ́ jẹ́. Jagunjagun ló ń dúró níwájú gba ìyà fún ẹgbẹ́. Olùwòsàn ló ń di ojú ọgbẹ́. Tafàtafà ń ta láti òkèèrè, olè sì ń yọ́ gba ẹ̀yìn ọ̀tá lọ jí kọ́kọ́rọ́. Tafàtafà ni Tèmilọlá, oríkì rẹ̀, Àtọ́kẹ́, ló sì fi ń jẹ́ níbẹ̀. Òun àtàwọn ọmọ Yorùbá bíi mẹ́wàá jọ ń rìn, wọ́n sì ń fi Yorùbá kọ̀wé síra wọn.

Mo kọ́kọ́ di jagunjagun. Mo pe ara mi ní Baba Kúta, mo ní ṣọ́jà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mò ń gbé Kánò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ògiri ni mo kọjú sí, tí mò ń fi idà gé e lọ́tùn-ún lósì. Àtọ́kẹ́ kọ̀wé sí mi: "Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn yín ni ọ̀tá wà." Mo rẹ́rìn-ín títí bẹ́ẹ̀dì fi ń ké. Tèmilọlá ké sí mi láti pálọ̀ pé, "Màmá, ṣé kò sí o?" Mo ní, "Kò sí, ọmọ mi, ikọ́ ni."

Kí oṣù kan tó pé, mo ti gbàgbé pé amí ni mí. Èmi tí mi ò lè dá yí ara mi padà lórí ẹní, mo ń fo àfonífojì. Nígbà tí ejò olórí mẹ́rin dìde létí odò kẹta, iwájú Àtọ́kẹ́ ni mo gbé asà mi sí títí ó fi ta á lójú. Nígbà tó yá mo gbọ́ pé ohun tí odò ń sọ fún jagunjagun kọ́ ló ń sọ fún olùwòsàn, ni mo bá tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo di Sístà Yéwándé, olùwòsàn, mo ní nọ́ọ̀sì ni mí n'Íbàdàn. Òótọ́ ni, odò kejì sunkún sí mi lọ́wọ́, ó sọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́. Ó tún wù mí kí n mọ ohun tó ń sọ fún olè. Mo di Mùrí, télọ̀ ní Ṣakí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí kò gbẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ẹni mẹ́ta ni mí. Gbogbo wọn ni Àtọ́kẹ́ sì fẹ́ràn, kò mọ̀ pé iyàrá kejì ni gbogbo wọn wà tí wọ́n ń retí ẹ̀kọ.

Mùrí ni mo fẹ́ràn jù. Ọjọ́ kan mo jí kọ́kọ́rọ́ ṣáájú àkókò, àwọn iwin sì bò wá. Àtọ́kẹ́ ní, "Mùrí olóríburúkú! Ta ló rán ẹ? Ṣé o fẹ́ kí wọ́n pa wá ni?" Mo dá a lóhùn pé, "Ìwọ náà dákẹ́, ọfà ẹ kì í ba nǹkan kan àfi ìdí mi." Ó ní, "Ìdí tó fẹ̀ tó báyẹn, ta ló lè ta á tàsé?" Ẹ gbà mí! Mo fi ìrọ̀rí di ẹnu ara mi. Ó ti lo ọdún mẹ́fà nínú ilé wa nígbà náà, kò tíì pè mí ní "o" rí. Orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń gbé omi fún mi. Ìyá ọkọ kì í ní ọ̀rẹ́ nínú ilé ara ẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fún un jẹ, ọ̀wọ̀ kì í sì í yóni. Inú eré yẹn ni mo ti mọ̀ pé ọmọ yìí lẹ́nu, pé ó gbọ́n, pé ó ya ewèlè bíi tèmi gan-an.

Lóṣù kẹsàn-án tí mo ti ṣubú, ẹsẹ̀ mi gbé mi dìde. Mo ń rìn lẹ́yìnkùlé lọ́jọ́ kan nígbà tí Ṣẹ̀fíátù yọjú lórí ògiri. Ó pariwo, "Sùbúhánálláhì! Ìyá Joy, ẹ ń rìn?" Mo ní kó dákẹ́, mo ní mo fẹ́ fi ya Tèmilọlá lẹ́nu ni. Lẹ́yìn oṣù méjì ó tún bi mí pé, "Ìgbà wo gan-an lẹ máa ya ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu?" Mo yí ojú. Ó ní, "Màmá, mo ń bọ̀wọ̀ fún yín ni mo ṣe dákẹ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tó jinná kì í sùn títí." Mi ò fẹ́ dìde ni. Bí mo bá dìde, kí ló tún máa dá a dúró tì mí?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Àtọ́kẹ́ kọ̀wé sí Baba Kúta: "Bàbá, ilé-ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ti mú mi. Ìgbà kẹta tí mo gbìyànjú nìyí, mo sì ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, wọn kì í gbà ju márùndínlógójì lọ. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni mo gbọ́dọ̀ kó ìwé ẹ̀rí mi dé iwájú wọn l'Óṣogbo. Àmọ́ ìyá ọkọ mi ò lè dìde. Mi ò tíì lè sọ fún wọn." Mo kà á tán, Tèmilọlá gbé ẹ̀kọ wọlé, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Màmá, ẹ̀kọ yín rèé." Mo mu ẹ̀kọ.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo ṣe. Baba Kúta ló kọ́kọ́ dáhùn: "Ọmọ mi, ẹni tó bá fi arúgbó sílẹ̀ lórí àìsàn, kó rántí pé ọjọ́ ogbó tòun náà ń bọ̀." Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ojú Yéwándé wọ̀: "Àbúrò mi, mo mọ ilé-ìwé yẹn dáadáa. Sáà kọ lẹ́tà sí wọn, wọ́n á fi àyè ẹ pamọ́ di ọdún tó ń bọ̀. Wọ́n ṣe é fún ọ̀rẹ́ mi." Irọ́ funfun báláú. Lọ́jọ́ kẹta, Mùrí ní, "Àtọ́kẹ́ nọ́ọ̀sì kẹ̀! Ẹni tí ọfà ẹ̀ kì í ba ẹfọ̀n, ṣé abẹ́rẹ́ ló fẹ́ máa gún? Dúró tì wá jàre." Síbẹ̀, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, ó kọ̀wé sí Mùrí: "Ọkàn mi ò gbà á. Mo máa lọ. Aládùúgbò wa á bá mi wo màmá títí n ó fi dé."

Ó di àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Ó gbé aṣọ tó dáa jù wọ̀, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ wà nínú àpò ọ̀rá. Ó ní òun ń lọ sí Òṣogbo, òun á dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó ṣe yíjú, mo tọ̀ sára. Èmi tí mo ti dá lọ sí ilé ìtọ̀ lóru yẹn lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹsẹ̀ ara mi, mo dùbúlẹ̀, mo la ojú mi sílẹ̀, mo sì tọ̀ sára bí ẹni ń da omi sí ọgbà. Ó bọ́ aṣọ tó dáa, ó wẹ̀ fún mi, ó pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, kò kùn. Ó tún wọṣọ. Ó gbé àpò ọ̀rá náà, ó dé ẹnu ọ̀nà. Mo tún tọ̀ sára. Mo wá fi igbe bọnu, mo ń pe ọmọ mi tó ti kú: "Ọládayọ̀ o! Ọládayọ̀, wá wò ó, ìyàwó ẹ ń fi mí sílẹ̀ sínú ìtọ̀ o!" Tèmilọlá dúró. Ó gbé àpò náà sílẹ̀, ó jókòó sórí sìmẹ́ńtì, ó sì gbé orí lé eékún. Mo ti bí ọmọ mẹ́rin, mo ti sin méjì. Mi ò fi orúkọ òkú ọmọ mi ṣe ohun tó rùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ló kọ̀wé sí Baba Kúta: "Bàbá, wọ́n tọ̀ sára, mi ò lè lọ. Ẹni mẹ́ta tí kò mọra wọn ló sọ ohun kan náà fún mi, mi ò gbọ́. Ọlọ́run ló ń bá mi sọ̀rọ̀." Mo sì tẹ̀ ẹ́ báyìí: "Ọlọ́run á san án fún ẹ, ọmọ mi." Ẹ̀yin ìyá, ẹnu mẹ́ta, ahọ́n kan. Ó pè é ní ohùn Ọlọ́run.

Ọdún tó ń bọ̀ tí Yéwándé ṣèlérí dé. Ilé-ìwé ní àwọn ti fi àyè náà fún ẹlòmíràn, kó tún ìdánwò ṣe. Ó tún un ṣe, kò mú un, ọjọ́ orí sì kọjá. Ó ń wá Yéwándé láti bi í léèrè. Ojú tì mí, mi ò jẹ́ kí Yéwándé wọlé mọ́. Ó ń lọ dúró létí odò tí wọ́n ti máa ń pàdé. Nígbà tó pẹ́, ó rò pé Yéwándé ti kú. Ẹ̀yin náà ẹ rántí ìpàdé àdúrà tí Tèmilọlá ti ní kí ẹ bá òun gbàdúrà fún ọ̀rẹ́ òun kan, nọ́ọ̀sì ará Ìbàdàn. Èmi ni mo ṣe àmín tó ga jù.

Oṣù tó kọjá ló fi eré náà sílẹ̀ pátápátá. Ó ní ó ti sú òun, pé ìtàn yẹn ń lọ, òun ò sì lọ síbì kankan. Ó wá dágbére. Ó gbé ọrun rẹ̀ fún Baba Kúta, ọrun tó fi ọdún mẹ́rin wá, ó ní, "Ẹ bá mi fi pamọ́, bàbá. Ẹ̀yin àti Mùrí àti olóògbé Yéwándé, ẹ̀yin nìkan lẹ sọ òótọ́ fún mi." Ọrun náà wà lọ́wọ́ mi. Jagunjagun kì í lè fa ọrun nínú eré yẹn. Mo kàn ń wò ó ni.

Ẹ dá a lọ́lá lọ́jọ́ Sọ́ńdè o, ó tọ́ sí i ju bí ẹ ṣe rò lọ, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ka ìwé kankan lórúkọ mi àfi èyí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni mẹ́ta bá gbà yín nímọ̀ràn kan náà, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó máa jẹ èrè rẹ̀. Tèmilọlá ni yóò kọ́kọ́ ka ìwé yìí kí ẹ̀yin tó kà á. Ìwọ Tèmilọlá, mo mọ̀ ẹ́. Ilé rere ni wọ́n ti tọ́ ẹ. Bóo bá ka ìwé yìí tán, wàá fẹ́ kúnlẹ̀, wàá ní, "Kò burú, Màmá, ó ti tán." Má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bẹ̀ ẹ́, má tíì forí jì mí. Bú mi ná. Dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ méjèèjì, pè mí ní "o," bú mi bí o ṣe máa ń bú Mùrí, kí o sì bú mi títí yóò fi tó. Bí àforíjì bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìyẹn, mo fẹ́ ẹ.

Mo ń gbọ́ ìró ọlọ ẹ ní kíṣìnì. O ń lọ ata mi, èyí tí kò ta jù. Mo ti fi ọ̀pá ti ògiri. Ìṣísẹ̀ méjìlá ni láti bẹ́ẹ̀dì mi dé ọ̀dọ̀ ẹ, mo ti kà á láìmọye ìgbà nígbà tí o ò sí nílé. Wàá gbọ́ ẹsẹ̀ mi kí o tó rí ìwé.