Ṣíà Bàbá Wa Tí Mo Dá Tà

Ìwọ ọmọ àbúrò mi, ìwọ ni mo fi ìwé yìí rán sí ìyá rẹ, torí ojú rẹ̀ kò lè kà á mọ́. Jókòó tì í, kà á sókè, má sì fo ìlà kankan, bó ti wù kó korò lẹ́nu rẹ tó. Dókítà ti sọ fún mi pé ọkàn mi kò ní gbé mi jìnnà mọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò sì gbọdọ̀ bá mi wọ ilẹ̀.

Ìyá rẹ àti èmi nìkan ni bàbá wa bí. Nígbà tó kú, ó fi ṣíà báńkì, ìpín tó rà nínú báńkì kan, sílẹ̀ fún wa, orúkọ àwa méjèèjì lórí ìwé ẹ̀rí kan ṣoṣo. Ó ti fi yíǹkì pupa kọ iye tó ra ẹyọ kan sẹ́yìn ìwé náà. Ó ní a kò gbọdọ̀ tà á ní iye tó rẹlẹ̀ sí i, ẹnì kan kò sì gbọdọ̀ tà lẹ́yìn ẹnì kejì. Nítorí náà, ní Sátidé àkọ́kọ́ lọ́dọọdún, màá gbé ìwé náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ ìyá rẹ. Yóò palẹ̀ aṣọ mọ́ kúrò lórí tábìlì ìgéṣọ, èmi á ka lẹ́tà báńkì, a ó wo iye tí ṣíà ń lọ lọ́jà, a ó wo yíǹkì pupa. Lọ́dọọdún ló ń lọ sílẹ̀, lọ́dọọdún la sì ń sọ pé ká ní sùúrù. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀! Iye tí òkú rà á là ń wò, a kò wo báńkì tó ń kú lọ lójú wa.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ta ṣíà, Ẹlẹ́rìn-ín là ń pè é. Lọ́jọ́ kan ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. "Báńkì yín ti ń jò nísàlẹ̀," ó ní. "Tètè ta tìẹ. Má pariwo o, bí gbogbo èèyàn bá sáré wá, kò ní sẹ́ni tó máa rà á." Mo ní orúkọ àbúrò mi wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣebí ó mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ síwèé?"

Mo gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń ta ṣíà, mo gbé e lọ bá ìyá rẹ, mo ní àdírẹ́sì la fẹ́ yí padà. Ṣọ́ọ̀kì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó nù ún sára aṣọ. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n kọ́kọ́ kà á?" Mo fajú ro. "Ṣé èmi lo fẹ́ máa yẹ̀ wò?" Ojú tì í, ó bẹ̀ mí, ó sì fọwọ́ sí i. Èmi tí mo ń parọ́ ni wọ́n ń bẹ̀! Bí mo ṣe ta ìdajì tèmi nìyẹn. Yàrá tí ìwọ àti ìyá rẹ máa ń sùn sí nílé mi, owó yẹn ni mo fi kọ́ ọ.

Wọ́n gba ìwé ẹ̀rí ti tẹ́lẹ̀, wọ́n fún mi ní òmíràn fún ìdajì tó kù. Mo fi ìyẹn pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Láti ìgbà yẹn, fọ́tòkọ́pì tí mo ti ṣe lára èyí tó ti lọ ni mò ń gbé lọ sórí tábìlì. Ìyá rẹ gbé e lọ sójú fèrèsé. "Ẹ̀gbọ́n mi, yíǹkì Bàbá ti dúdú. Ṣé ó ń ṣá ni, àbí ojú mi ni?"

Mo ní, "Ojú ẹ ni."

Ó gbà mí gbọ́. Ó lọ sọ́dọ̀ dókítà, àṣé ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn lóòótọ́. Wọ́n ní kó ṣe iṣẹ́ abẹ kí oṣù mẹ́fà tó pé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní ríran mọ́. Ó sáré wá bá mi. "Ẹ jẹ́ ká ta tèmi báyìí. Mo mọ̀ pé àdánù ni, àmọ́ ó ṣì máa tó fún iṣẹ́ abẹ náà. Mi ò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́." Bó bá dé ọ́fíìsì, wọ́n á fi ìwé tó fọwọ́ sí hàn án. Mo mọ̀ pé báńkì náà ò ní pẹ́ wó, mo sì la ẹnu mi yìí: "Ṣe sùúrù díẹ̀. Ọ̀gá tuntun ń bọ̀ níbẹ̀, iye rẹ̀ máa gbéra. Ṣé o fẹ́ da ọ̀rọ̀ Bàbá nù ni?" Ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Tí kì í bá ṣe tiyín ni, ǹ bá ti kánjú."

Kí oṣù mẹ́fà tó pé, báńkì tilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ṣíà náà mọ́, iṣẹ́ abẹ sì di ohun tí a kò sọ mọ́.

O rò pé ibẹ̀ ló burú jù? Rárá. Lọ́sẹ̀ kejì, ìwọ lo di ọwọ́ ìyá rẹ mú wá sílé mi. Ó ti ta maṣíìnì rẹ̀, ó pín owó rẹ̀ sí méjì, ó na ìdajì sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kó dùn yín jù. Àwa méjèèjì la jọ pàdánù." Ìwọ náà ń sunkún nítorí mi. Mo gbà á. Mo ṣàdúrà fún un, mo sì ná an.

Ọmọ mi, ẹni yòówù tó bá ní kí o fọwọ́ síwèé tí o kò tíì kà, ìbáà jẹ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ, kà á. Bó bá fajú ro, tún un kà.

Àbúrò mi, mo dalẹ̀ rẹ. Lọ́jọ́ yẹn ní ṣọ́ọ̀bù, o ní o fẹ́ kọ́kọ́ ka fọ́ọ̀mù náà, mi ò gbà fún ọ. Mo bẹ̀ ọ́, má tíì dá mi lóhùn. Jẹ́ kí ọmọ rẹ tún ìwé yìí kà fún ọ láti ìlà àkọ́kọ́, kí o gbọ́ gbogbo rẹ̀ dáadáa, kí o tó sọ bóyá o lè dárí jì mí.